Ṣé ìmúpadàbọ̀sípò ni, àbí ìpèéṣẹ́?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ kú ìjíròrò lórí orúkọ Yorùbá tí a ó fún gbígba ìkànnì tó sọnù padà. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé kí a máa pe backup, ẹ̀dà tí a tọ́jú pamọ́ de ọjọ́ tí ojúlówó bá bàjẹ́, ní “àfẹ̀yìntì”. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, owó ìfẹ̀yìntì ni ọkàn rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ sí. “Ẹ̀dà ìpamọ́” ti tó, ọmọdé gan-an á mọ ohun tí à ń wí.

Orúkọ tí a ó fún iṣẹ́ gbígba ìkànnì padà nígbà tí kò sí ẹ̀dà ìpamọ́ ló jẹ mí lógún. Ọ̀pọ̀ yín fara mọ́ “ìmúpadàbọ̀sípò”. Ọ̀rọ̀ gidi ni, bí ẹ̀dà pípé bá wà nílẹ̀ tí a fẹ́ dá padà sáyè rẹ̀. Bí kò bá sí ńkọ́?

Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan tún ìkànnì rẹ̀ ṣe rí. Fáìlì ti pa rẹ́, database tí ọ̀rọ̀ inú ìkànnì wà nínú rẹ̀ ti lọ, àwọn tó ń bá a gbé e sórí server, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì ń gbé, ò sì ní ẹ̀dà kankan lọ́wọ́. Wayback Machine la gbà lọ, ibi ìpamọ́ ẹ̀dà àtijọ́ àwọn ojú-ewé ayélujára, èyí tí Internet Archive ṣí fún gbogbo ayé ní 2001. Nínú àdírẹ́sì ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, nọ́ńbà 14 ló tò tẹ̀ léra: ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n gbà á sílẹ̀. A ń fi id_ sí ẹ̀yìn nọ́ńbà yẹn kí ojú-ewé lè jáde bó ṣe wà gẹ́lẹ́, láìsí ohun tí Archive fi kún un. Àpilẹ̀kọ kan wá láti oṣù Kẹta; àwòrán inú rẹ̀, oṣù Kẹsàn-án ọdún mìíràn la ti rí i. Àpilẹ̀kọ mẹ́ta ṣì wà nínú cache browser ọ̀rẹ́ mi, níbi tí browser ń tọ́jú ojú-ewé tó ti ṣí rí sí. Fọ́ọ̀mù yọjú, a tẹ̀ ẹ́ tì. PHP, èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tó ń mú un ṣiṣẹ́, kì í kúrò lórí server. HTML tó ń ṣètò ojú-ewé tí à ń rí ló ń jáde síta, òun náà sì ni Archive rí gbà.

Ṣé ìmúpadàbọ̀sípò nìyẹn? A ti ní ọ̀rọ̀ tó bá a mu: pèéṣẹ́. Ohun tí Rúùtù ṣe nínú Bíbélì nìyẹn, tó ń tẹ̀ lé àwọn olùkórè, tó ń ṣa ohun tó bọ́ lọ́wọ́ wọn.

Àǹtí wa ní ọ̀rọ̀ náà ń rùn ìṣẹ́, àti pé ohun kékeré ló ń tọ́ka sí. Kékeré yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó sọ. Bí mo bá ní “a ó mú un padà bọ̀ sípò”, ẹni tó ni ìkànnì á máa retí ohun gbogbo. Bí mo bá ní “a ó pèéṣẹ́”, ó ti mọ̀ pé ẹyọ ẹyọ la ó máa ṣà á, pé àlàfo á wà.

Àbá mi ni kí iṣẹ́ náà jẹ́ “ìpèéṣẹ́ ìkànnì”, kí ohun tí a bá rí ṣà jẹ́ “èéṣẹ́”. Ti fọ́ọ̀mù yẹn, ṣe la tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. “Àtúnkọ” lèmi ń pe ìyẹn. Ẹni tí ẹ̀ka-èdè rẹ̀ bá ní orúkọ mìíràn fún èéṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ síbí.