Fọ́ǹtì ẹlẹ́wà wo ló lè gbé àmì ohùn Yorùbá?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mò ń ṣe níbí ní Ẹ̀pẹ́, káàdì ìpè ìgbéyàwó ló sì pọ̀ jù. Mo fẹ́ràn Bodoni gan-an, irú lẹ́tà tí Giambattista Bodoni gbẹ́ ní Parma, ní Ítálì, ṣáájú ọdún 1800. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nípọn bí òpó, ìlà tó so wọ́n pọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí. Tí mo bá fi tẹ orúkọ ìyàwó gàdàgbà sórí káàdì funfun, kò tún nílò òdòdó kankan mọ́.

Àmọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo fi tẹ àdírẹ́sì gbọ̀ngàn ní ìwọ̀n 7. Ìlà inú “e” pòórá pátápátá, gbogbo “e” di “c”. Èyí tó wá dùn mí jù ni orúkọ ìlú wa: àmì orí “ẹ́” fò kúrò láyè rẹ̀, ó lọ jókòó sórí “p”. Mo mọ̀ pé Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kò ní àyè kan ṣoṣo fún “ẹ́”, fọ́ǹtì fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tí àmì náà máa bà sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti fi Playfair Display tàbí Bodoni Moda tẹ Yorùbá tó lámì sórí bébà rí, kì í ṣe ojú fóònù nìkan? Ṣé àmì dúró? Ìwọ̀n wo ni ẹ kì í lọ sísàlẹ̀ rẹ̀? Àbí kí n fi Bodoni sílẹ̀ fún orúkọ, kí n wá lẹ́tà mìíràn fún àdírẹ́sì? Ọjọ́ Ẹtì ni oníbàárà mi ń bọ̀.