Owó àwòrán àyíká ilé ní Àkúrẹ́: báwo ni ẹ ṣe ń gbà á, ṣé iṣẹ́ náà sì lè bọ́ ènìyàn?

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé béèrè pé:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́. Iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ni mo kọ́ ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, ọ́fíìsì àwọn ayàwòrán-ilé kan ní Alágbàkà ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí mo ti sin ilẹ̀ baba mi tán. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni mo ń rí i pé àárín ògiri ilé àti ògiri ọgbà ni ọkàn mi ń fà sí jù: ibi tí omi òjò yóò gbà kọjá, ibi tí ọkọ̀ yóò ti yí, ibi tí àwọn àgbàlagbà yóò jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́, igi tí yóò ṣíji bo fèrèsé tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Ní ọ́fíìsì wa, ohun tí a sábà máa ń ṣe sí ibẹ̀ kò ju pé kí a fi àwọ̀ ewé kùn ún, kí a kọ "koríko" sí i, kí a sì kọjá lọ.

Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, onílé kan ní Ìjàpọ̀ ní kí n bá òun tò àyíká ilé òun. Mo wọn ilẹ̀, mo ya àwòrán, mo sì kọ orúkọ igi àti òdòdó kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìwé owó wá, ó ní òun kò mọ̀ pé ènìyàn ń sanwó fún irú àwòrán bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹni tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà yóò ya tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ bí òun bá ti lè ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwòrán mi náà ló sì gbé lọ bá ẹni bẹ́ẹ̀.

Mo fẹ́ mọ orúkọ tí mo lè fi pe ara mi láìrú òfin, àti bí ẹ ṣe ń ṣírò owó àwòrán ní ọ̀tọ̀, láìpò ó mọ́ owó òdòdó àti owó iṣẹ́. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá dandan ni kí n padà sí ilé ẹ̀kọ́ kí n tó lè fi iṣẹ́ yìí nìkan jẹun ní ìlú wa.

Baba Ayàwòrán, Àkúrẹ́:

Àbúrò, n kò lè dá onílé náà lẹ́bi tán, nítorí pé àwa ayàwòrán-ilé fúnra wa ni a kọ́ wọn pé ọ̀fẹ́ ni. Ó ti pẹ́ tí a ti ń fi àwòrán àyíká ṣe èènì lórí àwòrán ilé, ohun tí a bá sì ti ń fi ṣe èènì, kò sí oníbàárà tí yóò fẹ́ fowó rà á mọ́.

Ní ti orúkọ, òfin tí ó dá ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn ayàwòrán-ilé sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sílẹ̀ ní ọdún 1969 ti so orúkọ "ákítẹ́ẹ̀tì" mọ́ ìforúkọsílẹ̀. Bí o kò bá tíì yege nínú ìdánwò iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀, má ṣe kọ ọ́ sí káàdì rẹ, ì báà jẹ́ ti ilé tàbí ti àyíká. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ àyíká ní Nàìjíríà, tí a mọ̀ sí SLAN, wà lábẹ́ IFLA, àjọ àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1948, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ni SLAN, iṣẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ARCON. Parí ti ARCON ná, kí o sì wọ ẹgbẹ́ náà nígbà tí o bá ń ṣe é lọ́wọ́. Títí di ìgbà náà, kọ ọ́ pé o ń ṣe ètò àyíká ilé àti ọgbà; kò sí ẹni tí yóò mú ọ fún ìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ni mo fẹ́ dúró lé lórí. Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń gbà á: kí a gba ìdá tí a bá fẹnu kò sí nínú iye tí iṣẹ́ náà yóò ná onílé, kí a dá iye kan fún gbogbo rẹ̀, tàbí kí a ka wákàtí. Èmi kò fẹ́ràn ti àkọ́kọ́ fún ilé gbígbé. Bí o bá rí ọgbọ́n tí ó fi lè ná owó díẹ̀, bíi kí o lo òkúta tó ti wà nílẹ̀ dípò kí o ra tuntun, owó tìrẹ ni yóò dínkù, bí iṣẹ́ bá sì wọ́n, onílé yóò máa rò pé o ń bù sí i kí apá tìrẹ lè pọ̀. Fún hòtẹ́ẹ̀lì, ilé ìjọsìn tàbí ilé ìwé tó ní ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwé wò, ó lè ṣiṣẹ́. Ní Ìjàpọ̀ àti Ọ̀bà-Ilé, dá iye kan, kí o sì pín in sí ìpele nínú lẹ́tà tí onílé yóò fọwọ́ sí kí o tó gbé téèpù jáde.

Owó kan wà fún wíwá wo ilẹ̀ àti gbígbọ́ ohun tí ìdílé náà fẹ́. Ọjọ́ náà ni wọ́n ń san án. Òmíràn wà fún àwòrán àkọ́kọ́, èyí tí o óò fi hàn wọ́n, tí o óò ṣàlàyé, tí o óò sì ká padà sápò. Lẹ́yìn èyí ni owó àwòrán tó péye, níbi tí orúkọ igi, iye rẹ̀, àlàfo tó wà láàárín wọn àti gíga ilẹ̀ yóò wà. Owó bíbójútó iṣẹ́ ló gbẹ̀yìn, a sì máa ń kà á ní iye ìgbà tí o bá lọ síbẹ̀. Ìwé tí iye òdòdó wà nínú rẹ̀ gan-an ni ọjà rẹ. Kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ kí owó ìpele rẹ̀ tó wọlé, bí ó ti wù kí onílé náà jẹ́ ènìyàn rere tó.

Ìyá Olódòdó, Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé:

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi náà wà lára àwọn tí wọ́n ń gbé àwòrán yín wá bá lẹ́bàá ọ̀nà, ó sì yẹ kí n sọ tẹnu mi. Kò sí àwòrán ọ̀fẹ́ kankan. Owó rẹ̀ wà nínú owó òdòdó, onílé ni kò mọ̀. Ẹni tí ó bá jẹ́ pé iye ike òdòdó tí ó tà nìkan ni èrè rẹ̀, yóò gbin 200 síbi tí 80 ti tó, nígbà tí ó bá sì di ọdún kejì, àwọn òdòdó náà yóò máa fún ara wọn lọ́rùn. Ọmọ mi, àlàyé yìí gan-an ni kí o máa ṣe fún onílé: pé owó àwòrán rẹ ni kò ní jẹ́ kí ó ra ohun tí kò nílò.

Ṣùgbọ́n èmi náà ní ẹ̀sùn sí ẹ̀yin ayàwòrán. Ẹ máa ń kọ orúkọ òdòdó tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí a lè wá láti Àkúrẹ́ dé Ìbàdàn tí a kò ní rí. Ẹ máa ń to igi màsíkiréèdì, èyí tó máa ń ga gbọọrọ, mọ́ ìdí ògiri bí ẹni to ọmọ ilé ìwé, láìro ti wáyà iná tó wà lókè. Ẹ máa ń gbin igi furúútù sáàárín íńtálọ́ọ̀kì, gbòǹgbò rẹ̀ yóò sì hú òkúta náà kúrò nílẹ̀ lójú yín.

Ilẹ̀ gan-an ni ẹ kì í bi léèrè ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn bíríkìlà bá fi máa kó ẹrù wọn lọ, ilẹ̀dú tí Ọlọ́run fi sórí ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ yangí, àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ǹtì tó ti dì. Kí o tó ya ohunkóhun, gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà kan ní bíi ibi mẹ́ta nínú ọgbà náà. Da omi kún un, jẹ́ kí ilẹ̀ fà á mu, kí o tún da òmíràn kún un. Bí omi kejì yẹn bá ṣì wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì, gbòǹgbò yóò rà síbẹ̀, àfi kí ẹ tú ilẹ̀ náà tàbí kí ẹ gbé e sókè. Wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà pẹ̀lú: bí ó bá pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí o kò rí ilẹ̀ dúdú rárá, kọ owó ilẹ̀dú àti ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jinná sínú ìwé owó kí o tó kọ òdòdó.

Má ṣe fojú di pèrègún àti akòko. Ọgbà tí a fi wọ́n ṣe kì í ní kí a tọ́jú òun bí ẹyin, bí a bá sì gé ọ̀pá wọn gbìn, wọ́n ń hù. Ṣáà kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ onílé, nítorí àwọn kan kò fẹ́ rí wọn nínú ọgbà, wọ́n ní igi ojúbọ ni tàbí pé ewé ìwúyè ni. Ní ti àkókò, láti ìgbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹrin títí di oṣù kẹfà ni mo máa ń sọ fún ènìyàn. Àwọn onílé Àkúrẹ́ kò sì ní rántí òdòdó títí di oṣù kejìlá, nígbà tí àlejò Kérésì bá ń bọ̀, tí ọyẹ́ sì ti dé.

Ọmọ Ọ̀bà-Ilé:

Ẹ ṣeun gidigidi, Bàbá, ẹ ṣeun, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yìí rán mi létí ohun kan. Bí mo bá ya àwòrán, tí agbaṣẹ́ṣe gbin igi náà, tí igi sì kú kí òjò ọdún kejì tó dé, ta ni yóò ra òmíràn dípò rẹ̀?

Ẹnjiníà, Ìlú Òǹdó:

Ìwé àdéhùn ni yóò dáhùn ìyẹn. Nínú iṣẹ́ tiwa, a máa ń dá ìdá kan dúró nínú owó agbaṣẹ́ṣe, ìdá 5 nínú 100 ló wọ́pọ̀, títí àkókò àtúnṣe, ìyẹn àkókò tí ó gbọ́dọ̀ fi tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe, yóò fi parí. Fún ohun tó ń hù, kí àkókò náà la ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko já, kì í ṣe oṣù mẹ́ta nínú òjò nígbà tí igi tí a kò tilẹ̀ gbìn dáadáa náà yóò máa rúwé. Kí ẹ kọ ẹni tí yóò máa bomi rin ín àti ibi tí omi yóò ti wá, nítorí pé bí kànga onílé bá gbẹ, kò tọ́ kí a mú agbaṣẹ́ṣe sí i.

Ohun tí ó mú mi kọ̀wé gan-an ni omi òjò. Àpáta kò jìnnà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi ní Àkúrẹ́, omi tí kò bá rí ilẹ̀ wọ̀ yóò sáré lọ sí ọ̀dọ̀ aládùúgbò, láti ibẹ̀ dé gọ́tà, láti gọ́tà dé odò Àlà. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ mọ ohun tí odò náà máa ń ṣe nígbà òjò ńlá. Ilé tí ó bá fi íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá rẹ̀ láti ògiri dé ògiri ń dá kún un. Nítorí náà, kí àwòrán rẹ kọ́kọ́ jẹ́ àwòrán gíga ilẹ̀: kí ilẹ̀ tó yí ilé ká máa dà kúrò lára ògiri, ó kéré tán kí ó fi mítà 2 lọ sílẹ̀ nínú mítà 100, kí òkè tí a gbin koríko sí má ga ju kí ó fi mítà 1 gòkè nínú mítà 3, bí ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ lè gé e. Àwọn kan rò pé ọ̀rọ̀ omi kò kan oníṣẹ́ ọgbà. Frederick Law Olmsted, tí òun àti Calvert Vaux borí nínú ìdíje àwòrán Central Park, ọgbà ìtura ńlá ní New York, ní ọdún 1858, ti ṣe àgbẹ̀ àti akọ̀ròyìn rí kí ó tó bọ́ sínú iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n sì fún wọn jẹ́ àbàtà. Páìpù tí yóò fa omi rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ rì sábẹ́ ilẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi.

Ọmọ Àkúrẹ́ Lókèèrè:

Mo dáhùn lórí ti ìwé kíkà nìkan. Kì í ṣe dandan fún iṣẹ́ àgbàlá ilé. Ó di dandan bí o bá fẹ́ ṣe ọgbà ìtura ìlú, tàbí bí o bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, Yunifásítì Pretoria ní Gúúsù Áfíríkà ń kọ́ni ní ẹ̀kọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni JKUAT ní Kẹ́ńyà. Ní Bìrìtìkó, Landscape Institute, tí ó ti wà láti ọdún 1929, ni ó ń fúnni ní oyè iṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà, ìdánwò LARE ni ìwọ yóò ṣe kí ìpínlẹ̀ tó fún ọ ní ìwé àṣẹ. Èyíkéyìí tí o bá yàn, àkójọ iṣẹ́ tí o ti ṣe ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà máa ya fọ́tò ilẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí òdòdó bá ti tanná nìkan.

Ìyá Olódòdó, Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé:

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: owó àwòrán nìkan kò tíì lè bọ́ ènìyàn ní Àkúrẹ́. Kí ọmọ yìí máa mú oníbàárà wá sọ́dọ̀ àwa tí a ń ta òdòdó, kí a sì máa fún un ní nǹkan tirẹ̀ lórí ohun tí wọ́n bá rà. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn.

Baba Ayàwòrán, Àkúrẹ́:

Ìyá, ibi tí n kò ti lè bá yín lọ nìyí. Ẹni tí onílé sanwó fún kí ó má baà ra ohun tí kò nílò kò lè tún máa gba owó lábẹ́lẹ̀ lórí ohun tí onílé bá rà. Ọjọ́ tí ó bá hàn, kì í ṣe oníbàárà kan ni yóò pàdánù. Gbogbo àdúgbò ni yóò gbọ́. Bí ó bá fẹ́ ta òdòdó, kí ó kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé òun ni òun yóò tà á, pẹ̀lú iye tí òun yóò jẹ lórí rẹ̀, kí onílé sì ní ẹ̀tọ́ láti rà á níbòmíràn. Títọ́jú ọgbà lóṣooṣù ni mo rò pé yóò bọ́ ọ jù, àbúrò: ilé mẹ́wàá tí ó ń san owó kékeré déédéé sàn ju iṣẹ́ ńlá kan tí a ń dúró dè lọ.

Ìyá Olódòdó, Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé:

Ó dáa, Bàbá, kí ó kọ ọ́ sí lẹ́tà. Ìwọ ọmọ yìí, kí o tó ya èyí tó kàn, wá sí ọgbà mi kí o kọ orúkọ ohun tó wà nílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe ga tó nínú ike. Òwúrọ̀ ni kí o wá, a máa ń bomi rin wọ́n ní ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ yóò kún fún ẹrẹ̀.