Ṣé ká tún fọ́ọ̀mù kọ ni, àbí kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yẹ etí ọmọ wò?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ASQ-3 ní kréèṣì ni, ìyẹn fọ́ọ̀mù ìbéèrè tí òbí máa ń dáhùn nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà.

Ọmọ náà pé oṣù 18, àmọ́ ọ̀sẹ̀ 32 ni oyún rẹ̀ wà tí wọ́n fi bí i. Nítorí ọ̀sẹ̀ 40 la fi ń ka oyún tó pé, a yọ ọ̀sẹ̀ 8 kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀, fọ́ọ̀mù oṣù 16 la sì lò. (Ọmọ tó bá ti pé ọdún 2, a kì í yọ ọ̀sẹ̀ kankan mọ́.) Ìbéèrè 6 ló wà ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: “bẹ́ẹ̀ ni” gba 10, “nígbà mìíràn” gba 5, “kò tíì” gba òdo.

Ìrìn rẹ̀ dáa, ọwọ́ rẹ̀ náà dáa. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan ni máàkì rẹ̀ bọ́ sí ibi tó yẹ ká máa ṣọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ìyá rẹ̀ kà mọ́ ọ̀rọ̀ tí ọmọ ń sọ. “Omi”, “gbà” àti “wá” tó ń pè lójoojúmọ́ kò sí níbẹ̀. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ jù!

Ṣé ká ka èdè méjèèjì pọ̀, ká tún fọ́ọ̀mù kọ báyìí, àbí ká dúró oṣù 2? Ní tèmi, àyẹ̀wò etí kò yẹ kó dúró rárá. Báwo lẹ ṣe ń ṣàlàyé fún òbí pé fọ́ọ̀mù yìí kì í dárúkọ àìsàn, tí àyà wọn ò fi ní já?