Ìrántí Hugh Nibley ní Kábà: kí ni ká kà, kí ni ká fi sílẹ̀?

Olùkọ́ Kábà

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará ilé.

A fẹ́ ṣe ìrọ̀lẹ́ ìrántí fún Hugh Nibley, ọ̀mọ̀wé ọmọ ìjọ Mọ́mọ́nì tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Brigham Young. Ọjọ́ Àìkú tó bá súnmọ́ 27 oṣù Kẹta, ọjọ́ ìbí rẹ̀, la fẹ́ lò. Wákàtí kan péré la ní. Àwọn ọ̀dọ́ bí 30 ni yóò wá: díẹ̀ jẹ́ ọmọ ìjọ náà, àwọn tó kù jẹ́ ọmọ ìjọ ECWA àti Àgùdà. Àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ mélòó kan yóò sì wà níbẹ̀. Iná kò ṣeé gbára lé.

Àwọn déètì wo ló dájú? Èwo nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹni tí kì í ṣe Mọ́mọ́nì lè gbọ́ kó yé e? Ìtàn tí wọ́n ń sọ pé ó ka gbogbo ìwé tó wà nílé ìkàwé Yunifásítì California ní Berkeley tán ńkọ́, ṣé ká sọ ọ́? N kò sì fẹ́ kí àwọn ọmọ kàn jókòó gbọ́rọ̀ lásán, mo fẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe nǹkan. Inú páálí bàtà ni Nibley ń kó káàdì àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí. Báwo la ṣe lè fi ìyẹn kọ́ wọn?

Akọ̀wé Ìsánlú

Ọ̀kun o, Olùkọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ kò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́.

Wọ́n bí i ní 27 oṣù Kẹta, 1910, ní Portland, ìpínlẹ̀ Oregon. Ó kú ní 24 oṣù Kejì, 2005, ní Provo, ìpínlẹ̀ Utah. Ẹni ọdún 94 ni. Àwọn kan á sọ pé 95, torí wọ́n yọ 1910 kúrò nínú 2005, wọ́n sì gbàgbé pé ó ku nǹkan bí oṣù kan kí ọjọ́ ìbí rẹ̀ tó pé. Charles W. Nibley, bàbá bàbá rẹ̀, wà lára àwọn olórí ìjọ náà. Hugh lọ ṣe míṣọ́nnárì ní Jámánì ní 1927, ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Ó gboyè àkọ́kọ́ ní UCLA (Yunifásítì California ní Los Angeles) ní 1934, ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní Berkeley ní 1938. Ọdún 1946 ló dé BYU (Yunifásítì Brigham Young), ọdún yẹn náà ló fẹ́ Phyllis Draper, wọ́n sì bí ọmọ mẹ́jọ. Ó fẹ̀yìntì ní 1975, àmọ́ kò fi kíláàsì sílẹ̀ títí di 1994. Ẹ tẹnu mọ́ ìyẹn dáadáa nítorí àwọn olùkọ́ tó bá wà níjòókòó: ọdún 19 gbáko ló ṣì fi kọ́ni lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọmọ ogun Amẹ́ríkà ni, nínú ẹgbẹ́ 101st Airborne, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti máa wádìí nípa ọ̀tá. Nígbà tí wọ́n ya wọ Normandy ní ilẹ̀ Faransé, ní oṣù Kẹfà 1944, jíìpù ló wà gúnlẹ̀ sí Utah Beach. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn ènìyàn máa ń ṣì í sọ níbí. Àkọ́kọ́, orúkọ àdììtú tí àwọn ológun fún etíkun yẹn ni "Utah", kò kan ìpínlẹ̀ Utah. Bí ẹ kò bá là á yé wọn, àwọn ọmọ á rò pé ìlú àwọn Mọ́mọ́nì ni ogun ti jà. Èkejì, torí pé àwọn tó ń já láti inú ọkọ̀ òfuurufú ló pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ 101st, wọ́n á ní òun náà já. Ojú omi ló gbà dé.

Ìtàn ilé ìkàwé Berkeley, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣírò iye ìwé tó wà níbẹ̀ tó sì fi ọjọ́ pín in, ìtàn náà á tú ká lójú gbogbo ènìyàn, wọn ò sì ní gba èyí tó jẹ́ òótọ́ gbọ́ mọ́. Bákan náà ni iye èdè tó gbọ́. Ẹ má sọ nọ́mbà. Ẹ sọ pé ó ń ti inú ìwé Gíríìkì, Látìn, Hébérù, Lárúbáwá, Jámánì, Kọ́ptíìkì àti èdè Íjíbítì àtijọ́ fa ọ̀rọ̀ yọ, torí àlàyé tó wà nísàlẹ̀ ojú-ìwé rẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀. Kíka èdè yàtọ̀ sí sísọ ọ́. Ọmọ Ìyàgbà tó bá dé Kábà á gbọ́ Owé, èdè àwọn ará Kábà, ìyẹn ò sọ pé á lè fi Owé rojọ́ láàfin.

Lórí ìwé ìkésíni, ẹ kọ orúkọ ìjọ náà ní kíkún: Ìjọ Jésù Krístì ti àwọn Ènìyàn Mímọ́ Ọjọ́-Ìkẹhìn. Láti 2018 ni àwọn olórí wọn ti ń tẹnu mọ́ ọn pé orúkọ yẹn ni káwọn ènìyàn máa pè wọ́n.

Àǹtí Ìyàrà

Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí Akọ̀wé sọ. Ọ̀rọ̀ kíkà ni tèmi.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi àdúrà 1960. Wọ́n ní kó wá fi àdúrà ṣí ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde ní BYU. Ó dúró níwájú gbogbo wọn, ó sọ fún Ọlọ́run pé aṣọ dúdú oyè àlùfáà èké ni wọ́n wọ̀ wá síbẹ̀. Aṣọ táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń wọ̀ ló ń bá wí. Ọdún 23 lẹ́yìn náà, ní 1983, wọ́n tún pè é síbi ayẹyẹ kan náà láti sọ̀rọ̀. Ó tú ibi tí aṣọ yẹn ti ṣẹ̀ wá fún wọn, ó sì bọ́ sórí ìyàtọ̀ tó wà láàárín aṣáájú àti ọ̀gá tó kàn ń bójú tó ìlànà. Aṣáájú ń ṣí ọ̀nà, ọ̀gá ń ṣọ́ ìwé òfin. Ilé-ẹ̀kọ́ tó bá fi ọ̀gá rọ́pò aṣáájú, ẹ̀mí ti ń bọ́ lára rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ìjọ tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, gbogbo ẹni tó bá ti wọ gáùn rí ló máa fetí sí i. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó fún un.

Èkejì ni àwọn àròkọ inú *Approaching Zion* (1989). Ó ní oúnjẹ òòjọ́ jẹ́ ẹ̀bùn Ọlọ́run, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ebi ẹlòmíràn ṣe okùn tí yóò fi dè é. Ní ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn ti ń gbin iṣu àti kaṣú, ọ̀rọ̀ yìí á wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: ọmọ kan á dìde pé ṣé kí ènìyàn má ṣiṣẹ́ mọ́ ni? Rárá o. Nibley ní iṣẹ́ di dandan. Kí a máa fi iṣẹ́ díwọ̀n ẹni tó yẹ kó jẹun ni kò fara mọ́. Ẹ múra ìdáhùn yìí sílẹ̀.

*Lehi in the Desert* (1952) ló sọ ọ́ di olókìkí láàárín ìjọ. Níbẹ̀ ló ti fi àṣà àwọn ará aṣálẹ̀ Arébíà wo ìtàn Léhì inú Ìwé ti Mọ́mọ́nì, ìwé mímọ́ ìjọ náà, bóyá ó bá a mu. Ní 1957, ìjọ náà fi ìwé mìíràn tó kọ ṣe ẹ̀kọ́ ọdún kan fún àwọn ọkùnrin. Bí ọmọ ECWA bá béèrè, ẹ sọ ọ́ lójú-ọ̀gán pé àwọn onímọ̀ ìtàn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ náà kò gbà pé ìtàn ayé àtijọ́ ni Ìwé ti Mọ́mọ́nì. Bí ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀, òun ni àríyànjiyàn á dá lé títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀rọ̀ páàpírù Íjíbítì, ìyẹn bébà àtijọ́, tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kan ní New York dá padà fún ìjọ náà ní 1967, ẹ má fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ náà. Nibley kọ ìwé ńlá lé e lórí ní 1975. Klaus Baer tó kọ́ ọ ní èdè Íjíbítì ní Chicago túmọ̀ èyí tó jẹ́ ìwé ìsìnkú nínú rẹ̀ ní 1968, èrò àwọn méjèèjì kò sì dọ́gba. Kí ẹ tó là á yé ènìyàn, ogójì ìṣẹ́jú ti lọ.

Ti ohùn rẹ̀: rikọ́ọ̀dù àti fídíò kíláàsì rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wà á sórí fóònù ṣáájú ọjọ́ náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni kí ẹ gbé sáfẹ́fẹ́. Ó máa ń yára sọ̀rọ̀ gan-an, á sì fò láti Róòmù dé Íjíbítì nínú gbólóhùn kan. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹnì kan kà á jẹ́jẹ́ lẹ́yìn náà. Kí ẹ sì fi sípíkà oníbátìrì gbé e, torí bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún lẹ́bàá fèrèsé, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ Bùnú

Ẹ kú àlàyé, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè kan ni mo ní. Wọ́n ní orí eré ìdárayá ilẹ̀ Róòmù ni ìwé tó fi gba oyè ọ̀mọ̀wé dá lé, pé inú ayẹyẹ ọdún àtijọ́ kan ni eré náà ti jáde, èyí tí wọ́n fi ń sọ ayé dọ̀tun lọ́dọọdún. Ṣé a ò lè sọ fún àwọn ọmọ pé irú ọdún iṣu tiwa náà nìyẹn? Á dùn mọ́ wọn.

Akọ̀wé Ìsánlú

Àbúrò, á dùn mọ́ wọn lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ohun tí wọ́n fi ń ṣàríwísí Nibley jù lọ nìyẹn. Ní 1988, Kent P. Jackson, tí òun náà jẹ́ ọ̀mọ̀wé ọmọ ìjọ yẹn, yẹ ìwé àkọ́kọ́ nínú àkójọ iṣẹ́ Nibley wò nínú *BYU Studies*. Ó ní Nibley máa ń ṣa ohun tó bá jọra láti ibi púpọ̀ àti ìgbà tó jìnnà síra, kó wá so wọ́n pọ̀ bí ẹni pé orísun kan ni wọ́n ti wá. Àwọn tó fẹ́ràn Nibley jù ló yẹ kó mọ àríwísí yìí, torí òun fúnra rẹ̀ ló ń rán ọmọ kíláàsì padà sí ìwé tí ọ̀rọ̀ ti wá.

Nítorí náà, ẹ sọ ọ̀rọ̀ ọdún iṣu di ìbéèrè. Ẹ bi àwọn ọmọ pé: ìgbà wo ni èyí, ìgbà wo ni tọ̀hún? Ọ̀nà wo ni àṣà kan ìbá gbà dé ọ̀dọ̀ èkejì? Kí ló jọra gan-an, ṣé ohun kan pàtó ni, àbí pé àwọn méjèèjì jẹun wọ́n sì jó? Àti èyí tó ṣe kókó jù: ṣé àgbẹ̀ èyíkéyìí tó bá kórè lè ṣe irú rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnì kan kọ́ ọ? Bí ìdáhùn ìbéèrè kẹrin bá ti jẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni", ìjọra yẹn kò lè jẹ́rìí ohunkóhun.

Alákàáwé Mọ̀pà

Ọ̀rọ̀ káàdì ló kù, ẹ jẹ́ kí n mú un.

Ẹ ra bébà A4 tó nípọn. Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin. Káàdì kan á jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 10.5 sí 14.8. Ọmọ 30, káàdì mẹ́ta mẹ́ta, jẹ́ 90. Ẹ ṣe 120, torí àwọn kan á ba tiwọn jẹ́. Bébà 30 péré nìyẹn. Páálí bàtà àgbà ni kí ẹ lò, kí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 11 ó kéré tán. Ti ọmọdé máa ń kúrú, ìdérí kò ní bò ó, eruku á wọlé.

Lórí káàdì, àkòrí wà lókè lápá ọ̀tún, torí ibẹ̀ ni ojú máa ń kọ́kọ́ bá bí ènìyàn bá ń ṣí káàdì nínú páálí. Ọ̀rọ̀ wà láàárín, bí ẹni náà ṣe sọ ọ́ gan-an: bí Owé ló fi sọ ọ́, Owé ni kí wọ́n kọ, pẹ̀lú àmì ohùn. Ìsàlẹ̀ ni ẹni tó sọ ọ́, ibi tó ti sọ ọ́ àti ọjọ́. Bó bá jẹ́ ìwé ni, orúkọ ìwé, ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ àti ojú-ìwé. Èrò ẹni tó ń kọ ọ́ ń lọ sẹ́yìn káàdì, kó fi lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ ara rẹ̀ sí i. Bí wọ́n bá da èrò pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ àgbà lójú kan náà, lẹ́yìn ọdún méjì kò sẹ́ni tó máa mọ èwo ni ti àgbà.

Ohun kan ṣoṣo lórí káàdì kan. Ìyẹn ló máa ń le jù fún wọn. Ẹ mú aṣọ ìpò àwọn Bùnú ṣe àpẹẹrẹ: ta ló ń hun ún, níbo ni òwú pupa rẹ̀ ti ń wá, ìgbà wo ni wọ́n ń ta á síta níbi òkú. Káàdì mẹ́ta nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá wà lórí ẹyọ kan, abẹ́ "òwú" ni yóò wọ̀ ni, àbí abẹ́ "ìsìnkú"? Kò ṣeé pín sí méjì, èyí tí ẹ bá wá lọ́la ni ẹ kò ní rí. Bí ọmọ kan bá sì kọ "Titcombe dé ilẹ̀ Ìyàgbà ní 1908" (míṣọ́nnárì ni Titcombe), òótọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ibi tó ti rí i kò bá sí nísàlẹ̀, ẹ dá a padà fún un.

Bírò ni kí wọ́n fi kọ, kì í ṣe máákà. Òjò kan péré tó bá jò wọlé, máákà á ṣàn. Ẹ gbé páálí sórí pẹpẹ tó jìnnà sí ògiri, torí ara ògiri ni ikán ń gbà gòkè. Kí ẹnì kan máa fi fóònù ya gbogbo káàdì tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Olùkọ́ Kábà

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á san án fún yín. Bí mo ṣe tò ó rèé: ìṣẹ́jú 10 fún ìtàn ayé rẹ̀, 15 fún kíkà àti ohùn, 20 fún káàdì, 10 fún yíyẹ orísun wò, 5 tó kù fún ìkíni. Orísun wo ni ọmọ lè yẹ̀ wò ní Kábà láàárín ìṣẹ́jú 10, níbi tí kò ti sí ilé ìkàwé ńlá?

Àǹtí Ìyàrà

Bíbélì ni, Olùkọ́. Nínú Ìwé ti Mọ́mọ́nì, 2 Nífáì orí 12 sí 24 bá Aísáyà orí 2 sí 14 rìn ní orí sí orí. Ẹ pín àwọn ọmọ ní méjì-méjì, kí ọ̀kan mú Aísáyà, kí èkejì mú Nífáì, kí wọ́n kọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sórí káàdì. Ẹ fi ìtumọ̀ Yorùbá wé Yorùbá. Bí ẹnì kan bá mú èyí tó jẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyàtọ̀ tí atúmọ̀ dá sílẹ̀ á dà bí ìyàtọ̀ inú ìwé náà.

Nọ́mbà á da àwọn ọmọ Àgùdà láàmú níbì kan. "Àwọn ènìyàn tí ń rìn nínú òkùnkùn" wà ní Aísáyà 9:2 nínú Bíbélì tí àwọn ECWA ń lò, àti ní 2 Nífáì 19:2. Nínú àwọn Bíbélì Àgùdà kan, 9:1 ni, torí wọ́n tẹ̀ lé bí ti Hébérù ṣe ka ẹsẹ. Kí wọ́n kọ nọ́mbà méjèèjì sísàlẹ̀ káàdì, kí wọ́n sì kọ orúkọ Bíbélì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.