Òtútù orí kẹ̀kẹ́: ẹ wá sọ tiyín

Ẹ̀gbọ́n Sùúrùlérè:
Àbúrò wa béèrè pé kí ló dé tí òun ń gbọ̀n lórí afárá Lẹ́kì sí Ìkòyí láàárọ̀ ọyẹ́, nígbà tí Èkó kì í ṣe ìlú yìnyín. Atẹ́gùn ọ̀sà ló pàdé òógùn lára ẹ, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Manchester ni mo ti mọ òtútù orí kẹ̀kẹ́.

Lóṣù kìíní níbẹ̀, oòrùn kì í sábà yọ kí aago mẹ́jọ tó lù. Ohun tí àwọn àgbà ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ ibẹ̀ kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé bí ara ẹni bá ti móoru lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ ti pọ̀ jù. Ká gbọ̀n díẹ̀ jáde. Tá a bá wa pẹ́dálì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara á gbóná fúnra ẹ̀. Ẹni tó di ara ẹ̀ bí ẹrù Ìdúmọ̀tà á làágùn, tó bá wá ń sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, atẹ́gùn á fẹ́ lu òógùn náà, ó parí. Síńgílẹ́ẹ̀tì òwú ló burú jù: ó ń fa òógùn mu, kì í sì í tètè gbẹ. Èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun ni mo máa ń wọ̀ mọ́ra, kí n tó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí atẹ́gùn ò lè gbà kọjá lé e.

Ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń kú o. Ara á kó ẹ̀jẹ̀ gbígbóná sáyà, á fi ìka sílẹ̀. Mo ti délé rí tó jẹ́ pé ọwọ́ méjèèjì ni mo fi yí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn. Bàtà ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ náà tún lihò, ọ̀rá ni mo máa ń wé mọ́ ìbọ̀sẹ̀. Àwọn tó ń sáré Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ Faransé, láyé àtijọ́ pàápàá, ìwé ìròyìn ni wọ́n ń kì sáyà tí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ lórí òkè.

Ìgbà òtútù kọ́ la sì ń fi agbára hàn. Ká rìn pẹ́ ni, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, débi tẹ́ ẹ ṣì lè bá ẹnìkejì yín tàkúrọ̀sọ. Ẹ mumi o, òtútù kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun.

Ìyá Ìbejì, Gbàgádà:
Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n mi ò gbà fún yín lórí ọ̀rá yẹn. Mo dán an wò nínú òjò oṣù keje, òógùn ò rọ́nà jáde, ìbọ̀sẹ̀ rin gbingbin. Tèmi, tójò bá ti ń rọ̀, mo ti gbé táyà ẹ̀yìn lé irin tí wọ́n fi ń wa kẹ̀kẹ́ lójú kan nínú pálọ̀ nìyẹn. Fáànù á kọjú sí mi; tí wọ́n bá ti múná lọ, mo sọ̀. Kí ló kàn mí kan kòtò tí omi bò mọ́lẹ̀?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó:
Ẹ ò tíì sọ ti eruku ọyẹ́. Ẹ má da epo púpọ̀ sí ṣéènì, eruku ló máa kó. Ẹ nù ún tẹ́ ẹ bá délé. Kẹ́ ẹ tó ra ìbọ̀wọ́, iná ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ rà, torí nínú kùrukùru àárọ̀ lórí Ìkòròdú Road, awakọ̀ dánfó ò ní rí yín.