Fáírọ́ọ̀sì tí mò ń tọ́jú ní láàbù ti yí padà mọ́ mi lọ́wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àdùkẹ́ Fláàsìkì:
Ẹ kú iṣẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i, ẹ má bínú pé ó máa gùn. Iṣẹ́ másítà mi ni, SARS-CoV-2, kòrónà tó ń fa COVID-19, là ń lò, inú sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ tí wọ́n ń pè ní Vero E6 ni mo ti ń tọ́ ọ. Bó bá ti pa sẹ́ẹ̀lì inú fláàsìkì kan tán màá fa omi ẹ̀ díẹ̀, màá dà á sórí sẹ́ẹ̀lì tuntun, páséèjì kan nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń bá a bọ̀ fún oṣù mẹ́fà títí ó fi pé páséèjì mẹ́jọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, plaque ẹ̀, ìyẹn ihò tó máa ń dá sínú àwo sẹ́ẹ̀lì tá a bá ti fi aró crystal violet kùn ún, kéékèèké ni, bí ojú abẹ́rẹ́. Ní páséèjì karùn-ún mo rí àwọn ńlá láàárín wọn, nígbà tó máa fi di ìkẹjọ kò sí kékeré kankan mọ́. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo rò pé ọwọ́ mi ló ti dá múṣé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá la ka jíìnì ẹ̀, la bá rí i pé ibi tí furin, ẹ́ńsáìmù kan tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì, ti máa ń gé spike, ìyẹn ẹ̀gún tó wà lára fáírọ́ọ̀sì, ibi tí wọ́n ń pè ní PRRAR yẹn, ti já dànù pátápátá. Ọ̀gá mi wo ìwé yẹn, ó ní kí n lọ rò ó dáadáa kí n padà wá. Ṣé mo ti kó ìdọ̀tí sí i ni? Òun ni mo fi ṣe gbogbo àyẹ̀wò antibody mi o, ìyẹn ohun tí ara fi ń bá àrùn jà. Oorun ò kun ojú mi mọ́.

Bọ̀dá Máíkírò:
Àbúrò, fọkàn balẹ̀, kì í ṣe ìdọ̀tí. Ohun tó ṣe ọ́ yìí ti ṣe ọ̀pọ̀ láàbù káàkiri ayé láti 2020. Fáírọ́ọ̀sì ò pète nǹkan kan, àṣìṣe ló máa ń ṣe nígbà tó bá ń da ara ẹ̀ kọ, kòrónà tiẹ̀ ní ẹ́ńsáìmù tó ń yẹ àṣìṣe wò, síbẹ̀ náà díẹ̀ máa ń yọ́ kọjá. Nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó wà nínú fláàsìkì ẹ, ọ̀kan tó ṣe àṣìṣe tó bá ilé yẹn mu á máa bí ju àwọn yòókù lọ, tó o bá wá fa omi yẹn sínú fláàsìkì tuntun, àwọn ọmọ ẹ̀ ló pọ̀ jù nínú ohun tó o fà. Ìwọ gan-an lò ń ṣà wọ́n láìmọ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ibi PRRAR ló lọ? Nínú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, spike tí furin ti gé sílẹ̀ máa ń bá TMPRSS2, ẹ́ńsáìmù míì tó ń gé spike, pàdé lójú sẹ́ẹ̀lì, ẹnu ọ̀nà yẹn ló ń gbà wọlé wéré. Vero E6, TMPRSS2 ò tó nǹkan lára ẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ gbé fáírọ́ọ̀sì mì ná, ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ́ cathepsin á wá ṣílẹ̀kùn fún un nínú lọ́hùn-ún, spike tó wà lódindi ló sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn níbẹ̀. Èyí tí furin ti gé wá di ẹrù tí ò wúlò. Má gbàgbé náà pé kíndìnrín ọ̀bọ aláwọ̀ ewé ni Vero, ní Japan ni wọ́n ti mú un jáde ní 1962, kò sì lè ṣe interferon, ohun tí sẹ́ẹ̀lì fi ń kéde pé fáírọ́ọ̀sì ti dé, fúnra ẹ̀. Ilé tí ò ní ọdẹ ni, ohun tí fáírọ́ọ̀sì fi ń bá ọdẹ jà, kò nílò ẹ̀ níbẹ̀.

Ìyá Pípẹ́ẹ̀tì:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Ó ṣe èmi náà rí, cytomegalovirus, fáírọ́ọ̀sì míì tó ń ran èèyàn, ni tèmi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ AD169, irú ẹ̀ kan tí wọ́n ń lò ní láàbù, wọ́n tọ́ ọ pẹ́ nínú irú sẹ́ẹ̀lì kan tó ń jẹ́ fibroblast títí jíìnì bíi 15 kb, ìyẹn ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́tà, tó wà lára èyí tó ń rìn kiri láàárín èèyàn fi bọ́ lára ẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdún sì làwọn láàbù fi ń lò ó bí ẹni pé òun gan-an ni fáírọ́ọ̀sì yẹn. Nítorí náà má fojú kéré ẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé: ṣé o ṣì ní páséèjì kìíní tàbí ìkejì nínú fírísà? Báwo lo sì ṣe kọ ọ́ sára túbù?

Ọ̀rẹ́ Àjẹsára:
Ẹ má wulẹ̀ máa dẹ́rù bà á o. Ohun kan náà yìí ló fún wa ní àjẹsára ibà pọ́njú, yellow fever. Fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Asibi, tí wọ́n gbà lára aláìsàn kan ní Gold Coast (Ghana òde òní) ní 1927, Max Theiler àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tọ́ ọ nínú ẹran ara ọlẹ̀ eku àti ti adìyẹ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ó di àjẹsára 17D ní 1937, kò lè pa èèyàn bíi tàtẹ̀yìnwá mọ́, wọ́n fún Theiler ní ẹ̀bùn Nobel ní 1951. Ìyípadà kì í ṣe àṣìṣe nígbà gbogbo.

Ìyá Pípẹ́ẹ̀tì:
Òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé àwọn ń yí i padà ni, wọ́n sì ń dán an wò bí wọ́n ṣe ń lọ. Tọmọ yìí, òun ò mọ̀. Ẹ wo fulú H3N2 tí wọ́n ń tọ́ nínú ẹyin adìyẹ, ohun tí fáírọ́ọ̀sì ń dì mú nínú ẹyin yàtọ̀ sí èyí tó wà nímú èèyàn, ó bá yí ara ẹ̀ padà kó lè di ti ẹyin mú. Ní 2012 sí 2013 irú àyípadà bẹ́ẹ̀ wà lára èyí tí wọ́n fi ṣe àjẹsára, kò wá bá èyí tó wà níta mu dáadáa. Ìyẹn ló jẹ́ kí n sọ pé antibody tó o fi páséèjì kẹjọ wọ̀n, o ò lè gbà á báyìí.

Àdùkẹ́ Fláàsìkì:
Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Ṣé kí n da gbogbo ẹ̀ nù ni?

Bọ̀dá Máíkírò:
Má da nǹkan kan nù! Ohun tó o rí yẹn jẹ́ èsì. Kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ẹ, ní kí wọ́n ka gbogbo páséèjì tó o bá ní láti ìkíní dé ìkẹjọ, kì í sì í ṣe èyí tó pọ̀ jù nìkan ni kó o wò o, wo ìdá díẹ̀ tó ń sá pamọ́ lábẹ́, torí ó ṣeé ṣe kí ó ti wà ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ní páséèjì kẹta kí ojú ẹ tó rí ihò ńlá kankan. Tó o bá máa tún un tọ́, inú Calu-3, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀fóró èèyàn, tàbí Vero tí wọ́n fi TMPRSS2 sí ni kó o lò. Tọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó pọ̀, pín in sí túbù kéékèèké púpọ̀, kí gbogbo àyẹ̀wò ẹ jáde látinú túbù wọ̀nyẹn, má tún máa fi tìkẹyìn bí tuntun. Antibody yẹn, mú díẹ̀ tún wọ̀n pẹ̀lú páséèjì ìbẹ̀rẹ̀ kó o fi wé ti àkọ́kọ́. Tí wọ́n bá jọra, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ẹ ṣì dúró.

Àdùkẹ́ Fláàsìkì:
Mo ti dé ìdí fírísà. Túbù mẹ́ta ni mo rí lẹ́yìn pátápátá, yìnyín ti bò wọ́n, bàírò ni mo fi kọ ọ́ nígbà yẹn, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ tán, mo ní láti fi ìka nù ún díẹ̀díẹ̀ kí n tó rí "P2" àti déètì ẹ̀. Ẹkún fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ̀n mí. Mo ti fi díẹ̀ nínú ọ̀kan ránṣẹ́ kí wọ́n kà á, méjì tó kù mi ò ní fọwọ́ kàn wọ́n títí èsì á fi dé. Ọ̀gá mi ti gbọ́, ó ní kí n mú àwòrán àwọn ihò yẹn láti páséèjì karùn-ún wá lọ́jọ́ Ajé.

Ìyá Pípẹ́ẹ̀tì:
Ọpẹ́ o. Ra péènì tí yìnyín kì í pa rẹ́, ọmọ mi, lónìí.