Ta ló ti so SWMM àti Vensim pọ̀ rí? Ọ̀rọ̀ omíyalé Odò Àlá ni o

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Àkúrẹ́ ni mo wà, mo ń ṣe àwòṣe omíyalé lẹ́bàá Odò Àlá lórí kọ̀ǹpútà. SWMM ni mo ń lò, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí omi òjò ṣe ń ṣàn, èyí tí EPA, àjọ tó ń rí sí àyíká nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti ní láti 1971; ọ̀fẹ́ ni. Ó mọ òjò, ó mọ gọ́tà. Àmọ́ kò mọ ẹni tó máa ń da ọ̀rá píọ̀ wọ́tà sí gọ́tà bí òjò bá ti ṣú, kò sì mọ onílé tó mọ fẹ́ǹsì tó darí àgbàrá sílé aládùúgbò. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà, torí ọ̀kan ló ń bí èkejì.

Mo wá gbé ètò mìíràn tó ń jẹ́ Vensim sórí kọ̀ǹpútà, kí n lè lo ọgbọ́n system dynamics, ìyẹn ọ̀nà láti wo bí nǹkan kan ṣe ń fa òmíràn, tí òmíràn náà sì ń padà kan án, èyí tí Jay Forrester dá sílẹ̀ ní yunifásítì MIT nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Ìṣòro mi ni pé ìṣẹ́jú ni mo fi ń ka àkókò nínú SWMM, ọdún ni mo fẹ́ fi kà á nínú Vensim. Ṣé kí n máa fọwọ́ gbé èsì láti ibì kan sí èkejì ni, àbí kí n fi Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, so wọ́n pọ̀? Báwo lẹ sì ṣe ń díwọ̀n ìdọ̀tí inú gọ́tà níbi tí kò ti sí àkọsílẹ̀ kankan? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní kí n lọ ra èyí tó wọ́n o.